Èyí Tí Kò Rí Oníbàárà Ló Ń Di Bàbá Agbo

Iléyá ti ń sún mọ́lé. Mo mọ̀ pé bí àwọn kan nínú yín ṣe ń ka èyí, oníbàárà ti dúró sí ẹnu ọgbà yín, ó ń na ìka sí akọ màlúù kan. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó dára jù nínú agbo ló ń na ìka sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n tètè kọ èyí kí owó tó ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn.

Gbogbo ibi tí mo bá dé ní Òkè-Ògùn níbí ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé màlúù ìsinsìnyí kò tóbi bíi tàtijọ́ mọ́. Àwọn kan ní koríko ni kò sí. Àwọn mìíràn ní oòrùn ti pọ̀ jù, àìsàn náà ti pọ̀ jù. Mi ò ní bá wọn jiyàn, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ara wa la fi ń ṣe é, kì í ṣe oòrùn. Lọ́dọọdún, akọ tó bá tètè dàgbà, tó sanra, tí àyà rẹ̀ gbòòrò, òun la máa ń kọ́kọ́ tà. Oníbàárà kì í béèrè èyí tó rù. Nígbà tí ọjà Iléyá bá wá tán, èyí tó kù nínú ọgbà, tí ẹnikẹ́ni ò wò lẹ́ẹ̀mejì, òun ló máa gun gbogbo abo. Èyí tí kò rí oníbàárà ló ń di bàbá agbo.

Ẹ rò ó fún ọdún mẹ́wàá. Abo màlúù kan, bó bá tiẹ̀ ṣe dáadáa, ọmọ kan ló máa fún yín lọ́dún. Akọ kan ṣoṣo lè jẹ́ bàbá fún ọmọ 20 tàbí 25 láàárín ọdún kan náà. Tí ẹ bá ṣi abo kan yàn, ọ̀dọ̀ ọmọ kan ni àdánù yẹn mọ. Tí ẹ bá ṣi akọ yàn, gbogbo ọmọ ọdún yẹn ló máa gbà nínú rẹ̀, àwọn abo inú wọn á sì tún dàgbà, wọ́n á bí tiwọn.

Ẹ̀kọ́ ọ̀sìn ẹran ni mo kà ní polí, mo sì ti ń fi ọ̀kadà yí àwọn abúlé yìí ká fún ọdún díẹ̀ báyìí. Nínú báàgì mi, lẹ́yìn ìwé àti báírò, tépù ni mo máa ń lò jù. Àwọn kan máa ń fi mí ṣe ẹ̀rín, wọ́n á ní "Télọ̀ màlúù ti dé o." Ẹ máa pè mí bẹ́ẹ̀, kò burú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá kan fún yín, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn. Ọkọ wọn ti kú, ó fi màlúù sílẹ̀ fún wọn, abo 14 àti àwọn ọmọ. Màlúù funfun oníké ni wọ́n, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní Bunaji, tí ìwé ń pè ní White Fulani. Fúlàní kan tó ti bá ọkọ wọn ṣiṣẹ́ tipẹ́ ló ń dà wọ́n jẹ. Nígbà tí Iléyá ku bíi oṣù kan, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Ìyá pè mí lórí fóònù. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gba ìmọ̀ràn o. Àlàájì kan ti wá láti ìlú, ó fẹ́ ra akọ méjì, ọmọ Ìyá tó kéré jù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí yunifásítì. Ohun tí Ìyá ń fẹ́ ni kí n wá bá wọn fojú wo àwọn ẹran náà, kí wọ́n má bàa fi owó pọ́ọ́kú gbà á lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí mo débẹ̀, akọ ọ̀dọ́ mẹ́ta ló wà. Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀kan ní Ńlá, ká pe èkejì ní Àárín, ká pe ẹ̀kẹta ní Jẹ́jẹ́, torí pé kì í jà, ọmọdé lè fọwọ́ kàn án lórí. Akọ àgbà kan náà wà, òun ni bàbá Ńlá àti Jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àlàájì fẹ́ kó Ńlá àti Àárín lọ. Ó wá ń tu Ìyá nínú pé, "Ìyá, Jẹ́jẹ́ yìí ọmọdé ni. Ẹ fi sílẹ̀, yóò dàgbà. Òun ni kí ẹ fi rọ́pò akọ àgbà yín."

Mo kí Àlàájì dáadáa, àgbà ni wọ́n, wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn. Mo kàn bẹ ẹni tó ń dà wọ́n jẹ pé kó bá mi la ẹnu Jẹ́jẹ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà tí ẹ ń tà, ẹ ti mọ èyí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀. Màlúù kò ní eyín iwájú lókè, ìsàlẹ̀ nìkan ló ní in, mẹ́jọ. Nígbà tó bá wà ní kékeré, àwọn eyín ọmọdé yẹn kéré, wọ́n sì funfun. Nínú màlúù tiwa, tó bá tó bíi ọdún méjì sí méjì ààbọ̀, méjì tó wà láàárín á bọ́, méjì ńláńlá á hù dípò wọn. Lẹ́yìn náà ló kan méjì tó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi pé. Jẹ́jẹ́ tí wọ́n pè ní ọmọdé yẹn ti pààrọ̀ eyín méjì. Ńlá náà ti pààrọ̀ méjì. Àárín ni kò tíì pààrọ̀ ẹyọ kan. Ẹgbẹ́ ni Ńlá àti Jẹ́jẹ́. Àárín gan-an ni ọmọdé.

Ìyá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ ìbí wọn. Bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń rántí nǹkan, ó yà mí lẹ́nu: ọ̀kan, ìgbà tí wọ́n ń sọ orúkọ ọmọ aládùúgbò, òmíràn, ọ̀sẹ̀ tí òjò wó ilé ìdáná. A ṣírò rẹ̀ papọ̀. Ńlá jẹ́ bíi oṣù 30, Jẹ́jẹ́ bíi oṣù 28, Àárín oṣù 21 péré. Ọ̀rọ̀ wọn àti ọ̀rọ̀ eyín bára mu.

Mo wá yọ tépù. Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí màlúù dúró sí, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó dọ́gba, orí kó wo iwájú, kó má tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jẹun. Ẹ gba tépù kọjá lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú pẹ́kípẹ́kí, kó gba ẹ̀yìn iké kọjá lókè, kó yí àyà ká. Kó fún mọ́ ara, àmọ́ kó má jẹ ẹran wọlé. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ mú èyí tó bọ́ sáàárín. Èyí là ń pè ní àyíká àyà. Gígùn ara, láti orí egungun èjìká tó yọ síwájú ni, títí dé egungun ìdí tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù. Tí ẹ bá fẹ́ wọn gíga, ìbàdí ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, láti ilẹ̀ dé orí egungun ìbàdí. Ẹ má wọ̀n ọ́n níbi iké o. Iké ń sanra, iké ń rù, á tàn yín jẹ.

Ọ̀pọ̀ tépù aránṣọ kò gùn ju sẹ̀ńtímítà 152 lọ, kò ní tó fún màlúù tó bá ti tóbi. Ẹ lè rán méjì pọ̀. Tàbí kí ẹ lo okùn tí kì í fà, ẹ fàmì sí ibi tó pàdé, kí ẹ wá tẹ́ okùn náà sílẹ̀ kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Tépù aṣọ tó ti gbó máa ń fà, ẹ sọ ọ́ nù. Sẹ̀ńtímítà 1 péré lórí àyà màlúù tó tóbi bíi Ńlá, bíi kílò 3 ààbọ̀ ló máa yọ kúrò tàbí fi kún un.

Ìṣirò rẹ̀ kò le, kalikulétọ̀ fóònù yín tó o. Àyíká àyà lọ́nà ara rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú gígùn ara, ẹ wá pín in sí ọ̀nà 10,840. Ohun tó bá jáde ni kílò, ìyẹn tó bá jẹ́ sẹ̀ńtímítà lẹ fi wọ̀n ọ́n.

Àyà Ńlá jẹ́ 152, gígùn rẹ̀ 128. Kílò 273 ló jáde. Àyà Àárín jẹ́ 141, gígùn 120, ó jáde sí 220. Jẹ́jẹ́, àyà 132, gígùn 112: kílò 180.

Tí a bá dúró síbẹ̀, ohun tí Àlàájì rí náà la rí, Ńlá ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká pín in sí ọjọ́ orí. Ká ní wọ́n bí gbogbo wọn ní kílò 22, tí a yọ ìyẹn kúrò. Ńlá lo nǹkan bí ọjọ́ 915 láti fi jèrè kílò 251, gíráàmù 274 lójúmọ́. Àárín lo ọjọ́ 640 láti fi jèrè 198, gíráàmù 309 lójúmọ́. Jẹ́jẹ́ lo ọjọ́ 850 fún 158, gíráàmù 186 lójúmọ́. Ẹ wò ó. Pápá kan náà, ẹni kan náà ló ń dà wọ́n jẹ, odò kan náà ni wọ́n ń mu. Jẹ́jẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi jọba, ọjọ́ tó máa lò kó tó jèrè ohun tí Àárín jèrè ju ìlọ́po kan ààbọ̀ ọjọ́ Àárín lọ.

Àlàájì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ojú la fi ń ra màlúù láti ayé bàbá wa." Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò sì lè fi ojú bá wọn díje. Kí n tó mú tépù jáde ni wọ́n ti dárúkọ iye kílò Ńlá, wọn ò sì jìnnà rárá. Ṣùgbọ́n ojú alápatà, ẹran òní ló ń wò, ẹran tó wà lára màlúù lónìí. Ẹni tó fẹ́ fi akọ bímọ ń ra ẹran ọdún mẹ́rin sí i. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ìyá dákẹ́ ná. Wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò gbàgbé: "Ọmọ mi, ṣé yunifásítì máa gba ọ̀rọ̀ eyín màlúù bí owó?"

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni gbogbo ìwé tí a kà ti máa ń pin. Ó rọrùn láti wá láti ọ́fíìsì kí n ní kí ẹnìkan má ta ẹran tó dára jù nínú ọgbà rẹ̀. Kì í ṣe èmi ni wọ́n máa lé ọmọ mi kúrò ní kíláàsì. Tí ìmọ̀ràn kò bá ti rí owó ilé ìwé san, ìmọ̀ràn yẹn kò tíì parí. A jókòó lórí àga, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Tí Àárín bá dúró, kí ló máa rọ́pò owó rẹ̀? Jẹ́jẹ́ kò lè rọ́pò rẹ̀ tán, owó rẹ̀ kéré. Ẹran kan ṣoṣo tó kù tó lè pa owó náà dé ni akọ àgbà.

Ìyá ní rárá. Ọkọ wọn ló rà á, òun ló kẹ́yìn rà kó tó ṣàìsàn. Mi ò sọ nǹkan kan sí i. Mo ṣàlàyé ohun kan péré: akọ àgbà yẹn ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ti wà nínú àwọn abo 14 náà, ó sì ti ń gun wọ́n. Ọmọ tí akọ bá bí fún ọmọ ara rẹ̀ sábà máa ń kéré, ó máa ń tètè ṣàìsàn, òmíràn kì í tiẹ̀ gbó. Mo tún béèrè nípa ìyá Àárín. Ó jẹ́ pé ọjà ni wọ́n ti ra abo yẹn, ó sì ti lóyún kó tó wọlé. Ìyẹn ni pé Àárín kò bá ẹnikẹ́ni tan nínú agbo yẹn àfi ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ọ̀hún sì ti bí òmíràn, oṣù 13 ló fi sáàárín. Fún abo màlúù tiwa, ìyẹn dára gan-an.

Ọjọ́ kejì lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pè mí. Wọ́n ti ta akọ àgbà, Ńlá àti Jẹ́jẹ́. Àlàájì kan náà ló kó wọn, wọ́n sì sanwó tó dára lórí akọ àgbà torí ó wúwo. Owó ilé ìwé pé. Ìyá sọ fún mi pé àwọn ò jáde síta nígbà tí wọ́n ń gbé e gun ọkọ̀.

Ó kù kí n sọ ohun tí mo wọ̀n lára Àárín kẹ́yìn, kí àwọn ọmọdé má rẹ́rìn-ín. Ẹpọ̀n rẹ̀ ni. Ẹ rọra fà wọ́n wálẹ̀ sínú àpò wọn, ẹ fi tépù yí ibi tó fẹ̀ jù ká. Ó jẹ́ sẹ̀ńtímítà 28. Àwọn òyìnbó ní kí akọ tiwọn tó oṣù 12 sí 15 ní 30 ó kéré tán, àmọ́ irú màlúù tiwọn ń tètè bàlágà, ẹ má fi òṣùwọ̀n yẹn lé tiwa kúrò nínú ọgbà. Ẹ kàn fi akọ wé àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọ ra. Èyí tí ẹpọ̀n rẹ̀ tóbi jù máa ń ní àtọ̀ púpọ̀ sí i, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ sì máa ń tètè bàlágà, wọ́n á tètè gbé oyún. Tí ọ̀kan bá kéré ju èkejì lọ gan-an, tàbí tó le bí òkúta, ẹ má fi irú akọ bẹ́ẹ̀ bímọ bó ti wù kó sanra tó.

Àwọn kan máa ń bi mí pé, ṣé ẹ̀jẹ̀ ló ń fa títóbi ni àbí oúnjẹ? Méjèèjì ni, àmọ́ kò dọ́gba níbi gbogbo. Tí ẹ bá mú àwọn màlúù tí wọ́n jọ dàgbà lójú kan, tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀ síra nígbà tí wọ́n pé ọdún kan, bíi mẹ́ta sí mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìyàtọ̀ yẹn ló wá láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí wọn. Nígbà tí wọ́n ń já ọmú, ó kéré sí ìyẹn díẹ̀, torí wàrà ìyá wà níbẹ̀. Ti ọmọ bíbí, ìyẹn pé abo tètè lóyún tàbí kò tètè lóyún, ti ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan, oúnjẹ àti ìtọ́jú ló pọ̀ jù. Nítorí náà, tí abo yín kò bá lóyún, ẹ kọ́kọ́ wo inú ìjẹ wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìran rẹ̀.

Kò sì yẹ kí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni pé yíyàn ń yí màlúù padà. Ní ìpínlẹ̀ São Paulo ní Brazil, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Sertãozinho. Ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti ń sin Nelore níbẹ̀ tipẹ́. Màlúù funfun oníké ni Nelore, ìran wọn wá láti Íńdíà, tí ẹ bá rí wọn lókèèrè ẹ lè pè wọ́n ní Bunaji. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti pín wọn sí agbo. Nínú ọ̀kan, akọ tí ìwọ̀n rẹ̀ kàn wà láàárín ni wọ́n ń mú, kó má tóbi jù, kó má kéré jù. Nínú èyí tó kù, àwọn tó wúwo jù lẹ́yìn ọdún kan ni wọ́n ń yàn. Oòrùn kan náà, koríko ilẹ̀ olóoru kan náà. Lẹ́yìn ìran mélòó kan, àwọn tí wọ́n yàn ti wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ìbàdí wọn sì ti ga sí i. Nítòsí wa níbí, ní Gambia, àwọn onímọ̀ ní International Trypanotolerance Centre bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ pẹ̀lú N'Dama ní àárín àwọn ọdún 1990: iye kílò tí akọ ọ̀dọ́ ń jèrè lójúmọ́ àti wàrà ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọ́n á wá fún àwọn ará abúlé ní akọ tó bá yege. N'Dama kò ní iké, kò ga, ṣùgbọ́n ó ń fara da àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń fà. Àwa náà ti sin ín rí, ní ọgbà ìjọba ní Fáṣọlá lẹ́bàá Ọ̀yọ́.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o, ohun tí ẹ bá yàn lẹ máa rí. Ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1940 sí 1950, màlúù kúkúrú tó ṣù pọ̀ ló ń gba ẹ̀bùn níbi ìdíje, ojú làwọn adájọ́ sì fi ń dá a. Gbogbo ọlọ́sìn ń lé kúkúrú. Kò pẹ́ tí ọmọ aràrá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú agbo Hereford, tí wọn ò lè mí dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn kú. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970 àti 1980, wọ́n sáré lọ sí apá kejì, gíga ni gbogbo ènìyàn ń lé, títí màlúù fi ga bí àkàbà, tó ń jẹun púpọ̀ kó tó sanra. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi í fi gíga nìkan yan akọ. Egungun ni gíga ń sọ fún wa. Àyà ló ń sọ nípa ẹran ara, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, àyà ló máa ń kọ́kọ́ fà wọlé, ìbàdí kì í kúrú. Tí ẹ bá rí akọ tó ga tí àyà rẹ̀ kéré, ó lè jẹ́ pé ebi ló pa á, tí òjò bá dé á sáré gbéra.

Títóbi jù láti inú oyún náà kò dára. Akọ tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ti ń tóbi jù nígbà ìbí máa ń fa wàhálà fún ẹgbọ̀rọ̀ abo tó ń bí àkọ́bí. Ohun tí ẹ ń wá ni ọmọ tí kò tóbi púpọ̀ nígbà ìbí, àmọ́ tó ń sáré lẹ́yìn ìyẹn. Ọmọ tuntun, ẹ má fi tépù wọn ọ́n, ẹ gbé e mọ́ra kí ẹ gun sìkéèlì tí ènìyàn fi ń wọn ara, lẹ́yìn náà kí ẹ gun ún lẹ́yin nìkan, kí ẹ yọ ọ́ kúrò.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi ọmọ méjì wéra nígbà ìjá ọmú, ẹ gbé wọn sí ọjọ́ kan náà. Ọjọ́ 205 làwọn òyìnbó ń lò, bíi oṣù méje ó dín díẹ̀. Wò ó: wọ́n bí ọmọ kan ní kílò 20, wọ́n wọ̀n ọ́n ní 110 nígbà tó pé ọjọ́ 240. Kílò 90 ló jèrè, ẹ pín in sí 240, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 205, ẹ fi 20 kún un: bíi 97. Èkejì, wọ́n bí i ní 18, ó jẹ́ 98 ní ọjọ́ 190. Tí ẹ bá ṣe tirẹ̀ bákan náà, 104 ló máa jáde. Ẹni tí kò kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀ á ta èkejì, á fi èkíní pamọ́. Ẹ sì bu ọ̀wọ̀ fún ọmọ àkọ́bí, wàrà ìyá rẹ̀ kò tíì pọ̀, ẹ má fi í wé ọmọ abo tó ti bí mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ẹ ń rà: tépù yìí ń gba ẹ̀yin náà là. Ẹ mọ àwọn tó máa ń fún màlúù ní iyọ̀ kó lè mu omi yó kó tó dé ọjà. Omi lítà 25, kílò 25 ni lórí sìkéèlì, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ àyà. Mi ò sọ pé ìṣirò yìí pé bíi ti sìkéèlì o. Ara màlúù tí kò ní iké ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, kílò rẹ̀ lè fi díẹ̀ lé tàbí dín lára tiwa. Tí ẹ bá ráyè dé ibi tí sìkéèlì wà, ẹ fi tépù wọn bíi márùn-ún níbẹ̀, kí ẹ mọ iye tó fi ń yàtọ̀. Ṣùgbọ́n láti mọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó kẹ́yìn nínú ọgbà kan náà, tépù tó.

Àárín ti bí ọmọ fún Ìyá. Méje lára wọn ni mo ti wọ̀n nígbà ìjá ọmú, nígbà tí mo gbé wọn sí ọjọ́ 205, wọ́n jẹ́ kílò 101 lápapọ̀ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Mẹ́rin péré ni mo ní nínú ìwé lára ọmọ akọ àgbà, 92 ni tiwọn. Inú Ìyá dùn, àmọ́ mo sọ fún wọn pé kì í ṣe Àárín nìkan. Òjò tètè dé lọ́dún yẹn, Ìyá sì ti ní kí wọ́n dín wàrà tí wọ́n ń fún tà kù, kí ọmọ rí mu. Mélòó ló jẹ́ ti akọ, mélòó ló jẹ́ ti òjò? Ọdún kan kò tó láti fi dáhùn.

Ní báyìí, àwọn ọmọbìnrin Àárín ti ń tó gùn, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ òun ló máa gùn wọ́n. Ìyá kò fẹ́ tà á fún alápatà. A ń wá ọlọ́sìn kan ní agbègbè Ìṣẹ́yìn, Ṣakí tàbí Òkèihò tó ní akọ Bunaji tó ti tó ọdún méjì, tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, kí wọ́n jọ ṣe pàṣípààrọ̀. Tí ẹ bá ní irú rẹ̀, ẹ kọ àyíká àyà, gígùn ara, gíga ìbàdí àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ sísàlẹ̀ níbí, kí ẹ sì sọ ibi tí ìyá rẹ̀ ti wá. Màá wá fúnra mi wá wọ̀n ọ́n.